Ihò Tó Wà Lára Irin

Ọjọ́rú ni trélà já irin náà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa,
ní Láfẹ́nwá, níbi tí ilẹ̀ ti ń gbọ̀n bí rélùwéè bá ń kọjá.
Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ogun ni, awẹ́ kan péré,
ọkùnrin mẹ́jọ ló fi igi tì í kó tó sọ̀.
Àwọ̀ ewé ṣì wà lára rẹ̀,
àti nọ́ńbà funfun kan tí òjò ti lá dé ìdajì.

Ẹni tó rà á ní ká gé e wẹ́wẹ́,
kílò ni òun yóò fi tà á fún àwọn tó ń yọ́ irin.

Ìgbà náà ni mo rí ihò yẹn.
Kò ju ojú kọ́bọ̀ lọ.
Etí rẹ̀ dán, ó rí roboto,
bí ìgbà tí èèyàn fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀kọ gbígbóná.
Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wo ibi tí eku jẹ."
Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín.

Ṣówẹ̀mímọ́ ni orúkọ rẹ̀. Bàbá Géètì ni wọ́n ń pè é ní Ìjàyè.
Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń bá a di irin mú,
n kò mọ̀ pé ó wa irú ọkọ̀ yẹn rí.

Ó bọ́ jígí dúdú. Ó ki ọmọ ìka bọ ihò náà,
ó fi í síbẹ̀ bí ẹni ń dí ẹnu ìgò.

"Wọ́n sọ fún wa pé irin yìí kì í gbọ́ ìbọn.
Òótọ́ sì ni. Ọta a máa bà á, a ó máa gbọ́ ọ nínú,
táú, táú, bí àgbàdo nínú agbada.
Bitrus a ní, 'Ẹ ká aṣọ yín wọlé, òjò dé.'
A ó rẹ́rìn-ín.
Ìgboyà wa nígbà yẹn, irin ló ni ín.

Ṣé wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní wọ ibẹ̀?
Ògiri tiwa kò lanu.
Ọmọ kan ló dìde láàárín oko ẹ̀gẹ́,
kò wọ bàtà, irùngbọ̀n kò tíì hù ú,
ó gbé nǹkan bí ọmọ odó lé èjìká.
Òun ló fún ògiri wa lẹ́nu."

Ó dákẹ́. Rélùwéè kọjá.

"Èmi ti bọ́ jáde láti iwájú.
Ilẹ̀kùn òkè, níbi tí Bitrus wà, ló há."

Ó la ọwọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ dán, kò ní ìlà kankan.
Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo rò pé ó pa wọ́n rẹ́.

"Mo délé, ìyá mi ní kí n lọ sinmi.
Mo lọ kọ́ṣẹ́ iná.
Mo fẹ́ mọ ohun tó wọlé tọ̀ wá."

Ó ṣáná sí gáàsì, ó dín in kù títí ó fi tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́.
Irin pọ́n, ó funfun,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.
"Ohun tó wọlé nìyẹn. Kò ju báyìí lọ.
Àpáta tó gba àwọn baba wa ní ìlú yìí kò ní ilẹ̀kùn.
Ẹni tó wọlé ríbi jáde."

A gé irin náà di ìrọ̀lẹ́.

Mo wá rántí gbogbo ìjà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníbàárà,
olówó Ìbarà, olówó Òkè-Ìléwó,
tí wọ́n ń fẹ́ géètì tó nípọn, tó ga, tó dí pinpin.
Ó ní ilẹ̀kùn kékeré gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀,
kí ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣí i láti inú,
lóru, láìsí iná mànàmáná.
Mo máa ń rò pé ogbó ló ń dà á láàmú.

Lánàá mo parí ọ̀kan fún ilé kan ní Adátán.
Mo wọ inú, mo di ojú mi,
mo fi ọwọ́ òsì wá kọ́kọ́rọ́.
Ó ṣí.