Ìbéèrè Kẹrin

Òkè yí wa ká ní Ẹ̀fọ̀n, òtútù sì tètè ń wọlé.
Mo fi aṣọ bo ẹsẹ̀, mo kó ìwé ìdánwò sórí itan,
bírò pupa lọ́wọ́ mi.
Ìbéèrè kẹrin: *Ta ni ẹnìkejì rẹ?*
Mo ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sójú pátákó lẹ́ẹ̀mẹta:
gbogbo ènìyàn tí Ọlọ́run dá.
Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́, wẹ́kú,
bí ìgbà tí a bá da àgbàdo láti inú igbá kan sí òmíràn.
Mo ń fún wọn ní máàkì, oorun ń kùn mí.

Àfi Kòlédoyè,
ọmọ tí bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ kì í pé.
Ó kọ ọ́ pé: *Rábíátù ni.
Ọjọ́ tí màmá mi wà ní ọsibítù ní Adó
tí kò sí uṣu ní ulé wa,
ó pín tirẹ̀ sí méjì. Kò bi mí ní nǹkan kan.*
Mo fi pupa yí *uṣu* ká, mo yí *ulé* ká:
ahọ́n ilé kọ́ là ń kọ sínú ìwé.
Mo fún un ní òdo, mo ṣí ewé.

Òdo náà ń wò mí bí ojú.

Ọmọ yìí ni mo nà lọ́sẹ̀ tó kọjá
torí pé kò dijú nígbà àdúrà òwúrọ̀.
Bí èmi náà bá dijú, níbo ni mo ti rí i?

Rábíátù kì í sì í jókòó tì mí.
Bí agogo ẹ̀kọ́ ìsìn bá ti dún, á gbé àpò rẹ̀,
á kọjá sọ́dọ̀ Alùfáà Sàlíù ní yàrá kejì.
Páálí ni ògiri tó là wá láàárín,
a ń gbọ́ ohùn wọn, wọ́n ń gbọ́ tiwa.
N kò tíì bi Alùfáà léèrè rí
ohun tó ń kọ́ wọn tí iṣu fi ń di méjì.

Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.
Lálẹ́ yìí, ẹ̀ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ wà lórí itan mi,
mo sì ti fi pupa kùn ún.

Bírò kò ṣeé pa rẹ́.
Mo kọ oókan síwájú òdo, ó di mẹ́wàá,
nínú ìbéèrè tí gbogbo máàkì rẹ̀ jẹ́ márùn-ún.
*Uṣu* àti *ulé* ṣì wà nínú òbìrí wọn,
bí ohun tí ènìyàn gbá mọ́ra.
Hẹdimásítà yóò pè mí lọ́la, yóò ní ìṣirò mi kò pé.
Màá ní kó lọ bi Rábíátù.