Eṣinṣin Inú Àwòrán

Kí n tó mọ orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n àwòrán rẹ̀ ni mo mọ̀:
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní ìbú, méjì ní òró.
Orí ọ̀kadà ló ti gbé e sọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Kúbúwà,
ó fi aṣọ òjò wé e bí ọmọ ọwọ́,
àwọn ọmọ àdúgbò ń pariwo, "Ṣáínà! Ṣáínà!"
Ó fi Háúsá tó já gaara ju tèmi lọ dá wọn lóhùn
pé ará Kòríà lòun, kí wọ́n lọ kí ìyá wọn.

Gu Mal-sun. Ahọ́n mi kọsẹ̀ lára rẹ̀.
Ahọ́n tirẹ̀ náà kò lè gun Ọláńrewájú dókè,
ó gé e kù sí Lajú,
bẹ́ẹ̀ ni mo di ẹni tí wọ́n ń pàṣẹ fún lójoojúmọ́
pé kó la ojú rẹ̀.

Ọkọ ló tẹ̀ lé wá sí Kàdúná
nígbà tí ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣì ń ké tọ̀sán-tòru.
Ilé-iṣẹ́ kú. Ọkọ kú.
Ó ku ìdì aṣọ funfun mẹ́rìndínlógún
tí wọ́n fi dípò owó oṣù tí wọ́n jẹ olóògbé.
Ó na aṣọ yẹn sórí igi, ó ń ya Àpáta Zúmà:
Zúmà láàárọ̀, Zúmà nínú ọyẹ́, Zúmà lẹ́yìn òjò
tó ń dán bí ẹ̀yìn ẹfọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lódò.
Ọgbọ̀n ọdún, àpáta kan.
Mo ní, "Màmá, kò sú yín?"
Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, Lajú? Igun mẹ́rin férémù kò sú ọ?"

Àwọn òtẹ́ẹ̀lì Máítámà kò fẹ́ àpáta.
Ẹṣin ni wọ́n ń fẹ́, ẹṣin àti láwàní,
kó sáà bá àwọ̀ àga mu.
Gbèsè pákó ń ga. Ó gbé Zúmà Inú Ọyẹ́ wá, ó ní kí n fi ṣe ìdógò.
Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Eṣinṣin kan bà lé ojú ọ̀run rẹ̀,
kò lè gbéra mọ́.
Mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, ó di ọwọ́ mi mú:
"Fi í sílẹ̀. Àlejò ni."

Hábílà, ọmọ Gbàgyí tó ń tún fóònù ṣe lódìkejì títì,
ló ya fọ́tò gbogbo Zúmà, ló kó wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.
Ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò ní èkejì láyé,
bí òǹtẹ̀ pupa tí Màmá ń tẹ̀ sí igun àwòrán,
èyí tí bàbá rẹ̀ fi òkúta gbẹ́ fún un kó tó wọ bààlúù.
Lóru ọjọ́ kan, ẹnì kan tí kò lórúkọ, àfi ológbò tó dé fìlà,
ra Zúmà Inú Ọyẹ́.
Owó náà kò dún. A kò fọwọ́ kà á.
A kàn rí òdo lójú fóònù, wọ́n tò tẹ̀ léra bí ewúrẹ́ tó ń relé.
Màmá bèèrè lẹ́ẹ̀mejì: "Ibo ni kí n fi àwòrán ránṣẹ́ sí?"
"Kò síbì kankan, Màmá. Kò bèèrè rẹ̀."

Ó jókòó sórí àpótí ìṣó mi, ó dákẹ́.
Láti ogójì ọdún tó ti ń yàwòrán,
ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tẹ́nìkan rajà rẹ̀ láì ná an.

Ó san gbèsè. Ó ra ọ̀dà búlúù gidi, ó ra eyín méjì,
ó fi ìyókù sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ lọ́hùn-ún, bí Hábílà ṣe wí.
Kí ọyẹ́ tó tún dé, ìyókù kò tó owó búrẹ́dì.
Hábílà ń sá fún ojú rẹ̀.
Òun ló gbé máàsà lọ bá a.

Àwòrán ṣì wà lára ògiri mi. Kò wá gbé e:
ó ní òun ò mọ ẹni tó ni ín mọ́.
Nígbà mìíràn mo máa ń ṣí i lórí fóònù, mo máa fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́
títí eṣinṣin yóò fi tó àtẹ́lẹwọ́,
ìyẹ́ kan ṣì gbé sókè.
Ológbò ti ra òun náà, kò mọ̀.
Láàárọ̀, tí eruku bá ti bo gbogbo nǹkan,
mo máa rẹ àkísà sómi, mo máa fún un,
mo máa nu àpáta láti òkè wá sílẹ̀.
Tí mo bá dé ibi tí àlejò wà, ọwọ́ mi á yà.