Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Nìkan

Ọdún mẹ́sàn-án ni Pijó bàbá mi fi sùn
lábẹ́ páànù, lẹ́yìn ilé wa ní Àjàṣẹ́,
lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè
tí kò rí odò tí yóò là kọjá.
Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti jẹ ẹ́ létí.
Ewúrẹ́ Ìyá Mùtíátù ti bímọ lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ará àdúgbò a máa pè é ní mótò ọ̀lẹ:
kò sí ọ̀pá fìtẹ́ẹ̀sì tí à ń bá jìjàkadì.
Wọn kò wo ẹsẹ̀ òsì bàbá mi,
èyí tí àrùn ìgbà èwe ti fà gbẹ bí pòròpórò.
Ọkọ̀ tó ń béèrè ẹsẹ̀ kan péré,
ó wá a dé Kútọnù kó tó rí i,
ó ta ilẹ̀ kan lọ́nà Àjàrá fi rà á.
Ìyá mi kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko.
Nígbà tó yá, ó lọ jókòó níwájú.

Bàbá Ṣítù dé lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀,
bátìrì tuntun lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀.
Mo ti na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.
Ó gbá ọwọ́ mi. "Ṣé bí a ṣe ń jí àgbàlagbà nìyẹn?"

Ó fa ẹsáńsì àtijọ́ dànù, òórùn rẹ̀ bí ọ̀dà.
Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó kán òróró sínú ihò kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń kán oògùn sétí ọmọ,
ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì náà díẹ̀díẹ̀.
Níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ó bá ìtẹ́ eku:
òwú ìjókòó, èèpo ẹ̀pà,
àjákù ìwé kan, ọwọ́ bàbá mi: *búrẹ́dì méjì, ọṣẹ.*
Mo fi í sápò. Mi ò sọ fún un.

Òróró fìtẹ́ẹ̀sì ló pẹ́ lórí rẹ̀ jù.
Ó fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yọ, ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á,
ó gbóòórùn rẹ̀. Pupa rẹ̀ ti di àwọ̀ obì àná.
"Kò jóná. Ó ti ṣàn lọ sísàlẹ̀ ni, ó sùn síbẹ̀.
Fún un láyè kó gòkè."

A gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí táyà. Mo ṣáná.
Ó wúkọ́. Mo tún ṣáná. Ó wúkọ́, ó dákẹ́.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, èéfín funfun bo kànga,
ewúrẹ́ fò, ọmọ ewúrẹ́ fò.

Mo tẹ bíréèkì. Mo wo àwọn lẹ́tà
tí bàbá mi fi kọ́ mi ní ìwé kíkà:
P ni Pẹ̀lẹ́. R ni Rọra.
N, ó ní, ni *N kò tí ì ṣe tán*.
D ni Dìde.
Mo fa ọ̀pá náà kọjá lórí wọn, lọ, bọ̀,
mo ń dúró lórí ìkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí ẹbí.
Ní Dìde, mo kà dé ogún.
Ọkọ̀ ń mí, kò mira.
Ní Rọra, mo kà dé méje, nǹkan kan dì mí mú nídìí,
ó fà.

Ẹ̀yìn nìkan ló gbà lọ́jọ́ náà.
Ẹ̀yìn náà la wá ń lọ, a kọjá kànga,
a kọjá agbada aṣọ fífọ̀, a yọ sí títì.
Ẹni tó ń ta kpàyó sáré gbé ìgò rẹ̀ kúrò lọ́nà.
Ẹsẹ̀ òsì mi ń wá iṣẹ́ kiri nílẹ̀ ọkọ̀;
mo ká a sábẹ́ ìjókòó.

Ìyá mi jáde, gèlè lọ́wọ́.
Ó wò mí títí. "Ta ló ń wà á?"
Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó níwájú,
ó ń wé gèlè.

Bàbá Ṣítù kúnlẹ̀ nínú iyanrìn lẹ́yìn wa,
ó fi ìka kan ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́
tó ti abẹ́ páànù wá dé títì.
"Ó ń jò," ni ó wí. "Ó di ọ̀la."