Ẹni Tó Dúró Sáàárín

Ìyùnadé mú ìwé wá bá mi ní Kúdẹtì,
Mọ́kọ́lá ló ti tẹ̀ ẹ́ jáde, tàdáwà rẹ̀ ṣì ń ràn mọ́ ọwọ́.
"Bàbá Tíṣà, iye tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́hùn-ún rèé.
Ìpíndọ́gba ni wọ́n pè é."
Kò tí ì gba físà, ó ti ná an tán:
páànù tuntun fún ilé ìyá rẹ̀ ní Mọ́nìyà,
owó ilé-ìwé Akínbọ̀dé,
kànga tí wọn yóò gbẹ́, ẹ̀rọ tí yóò fa omi rẹ̀.
Mo ní, jókòó.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò,
kò yẹ kí ìṣirò wá gbá ọmọ àbúrò mi lójú.

Oòrùn ti rọ̀, iná ti lọ,
gbogbo ayálégbé wà lójúde.
Mo ní kí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
kí ẹni tówó rẹ̀ kéré jù bọ́ sápá ibi tí gọ́tà wà.
Wọ́n rò pé mo fẹ́ yà wọ́n ní fọ́tò.

Làtí tó ń po sìmẹ́ńtì, ọ̀kẹ́ méjì lóṣù;
ogójì ẹgbẹ̀rún nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí.
Ìyá Múíbà onídìrí, ọ̀kẹ́ méjì, bí òjò kò bá rọ̀.
Wúrà tó ń gbálẹ̀ ní báńkì, méjì àbọ̀.
Jímọ̀ọ́ tó ń lẹ táyà, mẹ́ta.
Èmi àti owó ìfẹ̀yìntì mi, mẹ́ta àbọ̀, ìgbà tó bá wọlé.
Adéṣíọlá awakọ̀, mẹ́rin.
Alaaji Bùsàrí onílé, tó ní ilé-epo mẹ́ta,
ọ̀kẹ́ méjìlélọ́gọ́rùn-ún.
Òun ló dúró kẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, pín in sọ́nà méje."
Ó fi bírò ṣe é sẹ́yìn ìwé náà:
mọ́kàndínlọ́gọ́fà. Bí a bá pín in, mẹ́tàdínlógún.
"Ó dáa. Ta ló ń gba mẹ́tàdínlógún nínú wọn?"
Ó wo ìlà náà lọ, ó wò ó bọ̀.
Làtí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
Kò sí.
Ẹni tó ń jẹ́ Ìpíndọ́gba kò gbé ilé yìí rí,
kò bá wa dá owó iná, kò bá wa kó ẹrẹ̀ gọ́tà.
Owó tí àwa mẹ́fà kó jọ lóṣù gan-an
ni wọ́n fẹ́ gbé kọ́ Làtí nìkan lọ́rùn.

Mo ní, "Alaaji, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe bí ẹni ń lọ sí Bódìjà."
Ó rìn dé ìdí mọ́tò rẹ̀.
Ìpíndọ́gba já wálẹ̀ gbìì, kò pé mẹ́ta mọ́,
bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ṣàn ju ti àná lọ.

Ẹ padà wá, Alaaji.
Ka ẹni mẹ́ta láti ìhín, ka mẹ́ta láti ọ̀hún,
ta ló kù?
Jímọ̀ọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúdú bíi táyà.
Alaaji ìbáà ra ilé-epo mẹ́wàá sí i,
Jímọ̀ọ́ kò ní í kúrò lójú kan.
"Ṣé mo jẹ nǹkan ni?" Jímọ̀ọ́ ló bi wá bẹ́ẹ̀.

Ìyùnadé ká ìwé rẹ̀, ó tún un ká.
Kò sunkún. Ó ní, "Páànù yẹn, bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ná."
Mo ní, n kò ní kí o má lọ o.
Ibẹ̀ lè sàn ju ìhín lọ, n kò débẹ̀ rí,
àmọ́ àlejò kì í dé kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Alaaji,
ibi gọ́tà ni wọ́n ti ń kí i káàbọ̀.
Béèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí yàrá kan,
iye tí ìjọba yóò yọ kí o tó fojú kan ìyókù,
iye tí nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń mú lọ sílé,
kì í ṣe ti ọ̀gá wọn.
Bí o bá sì dé, tí òtútù gbà kí o jáde,
bá mi wá Jímọ̀ọ́ tiwọn lọ.
Bi í léèrè ohun tó jẹ lánàá,
kí o tó pe ìyá rẹ nípa páànù.