Orí Ta Ni?

Ọdún tí wọ́n wá ka orí nílé wọn ní Kétu,
oyún oṣù mẹ́ta ni ó jẹ́ nínú ìyá rẹ̀.
Bàbá kò ní fáránkì méje.
Òru ló bọ́ sọ́nà, ó gba Mẹ̀kọ lọ,
ó di ẹni à ń fẹnu sọ.

Ọmọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Odùlámì,
ló kọ́ wa lófin owó orí ní Kàláfì,
ẹfun á bò ó dé ìgbúnwọ́.
Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi ń bẹ̀rẹ̀:
"Orí ta ni?"
Àwa a máa rẹ́rìn-ín.

Ìjọba pè é sí Kútọnu, ó lọ.
Wọ́n ní kó kọ òfin tí yóò mú àwọn obìnrin tó ń ru igi.
Ó ní, "Èyí tó wà lórí wọn ò tíì tó?"
Kò pọ́dún tó fi padà sídìí pátákó,
òun àti àpò kan, àti ikọ́.

Lánàá, níwájú ilé rẹ̀ nítòsí Àkàbà,
ọmọ kan ti mẹ́rì dé, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì.
Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn,
ó kawó lé e lọ́wọ́.
"Orúkọ ta ni kí n kọ, bàbá?"
Ó pẹ́ kó tó fèsì.
Orúkọ ẹni tó sá lọ Mẹ̀kọ ló pè,
ó ní kó kọ ọ́ gàdàgbà.