Òǹgbẹ Laǹdirófà

Iṣẹ́ mi ò ju mẹ́ta lọ:
mo ń wa ọkọ̀, mo ń wa ilẹ̀, mo ń wá omi,
láti Sókótó dé Tangaza, títí dé etí ààlà
níbi tí ọ̀dá ti mọ orúkọ olúkúlùkù.
Mo ń fi ẹ̀rọ tẹ́tí sí ikùn ilẹ̀
bí agbẹ̀bí ṣe ń tẹ́tí sí ikùn olóyún,
n ó ní, "Ẹ gbẹ́ ibí, ó wà ní ọgọ́ta mítà."
Wọn a gbẹ́ ẹ, omi a tú, àwọn ọmọdé a hó yèè.

Ṣùgbọ́n Laǹdirófà tó gbé mi débẹ̀
dúró lábẹ́ igi dongoyárò,
bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹnu adìẹ tí ooru ń mú,
ó ń mu kẹ́ẹ̀gì omi kejì kí oòrùn tó kan àtàrí.
Obìnrin kan tó ti rin wákàtí méjì wá pọnmi
dúró, ó wo bí mo ṣe ń da omi sẹ́nu irin.
Kò sọ nǹkan kan.
Àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ ló lé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta rédíétọ̀.

Ọmọ́tọ̀ṣọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà l'Ábújá,
fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí fóònù:
alumíníọ̀mù, funfun báláú, ó ń dán bí àwo ìgbéyàwó,
ọ̀kẹ́ náírà mẹ́rìndínlógún.
"Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á," ó ní.
Mo ní ọbẹ̀ yìí á pa mí kí n tó tọ́ ọ wò.

Tòkunbọ̀ kan wà lọ́jà, ọ̀kẹ́ mẹ́fà.
Iwájú rẹ̀ fani mọ́ra, ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹrà;
mo fi ìka kàn án, ìyẹ́ rẹ̀ wó bí ìyẹ́ labalábá.
Ẹni tó ń tà á ní ọwọ́ mi ti wúwo jù.

Ìgbà náà ni mo dé ọ̀dọ̀ Málàm Lawali,
ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Gwadabawa, abẹ́ páànù, ilẹ̀ dúdú fún epo.
Kò kọ́kọ́ wo rédíétọ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń fọwọ́ wá ohun tí kò sí.
"Níbo ni àpótí fáànù wà?"
Mo ní mẹkáníìkì kan ní Fúńtúá ló yọ ọ́, ó di ọdún méjì,
ó ní ẹrù lásán ni.
Lawali rẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi mì.
"Ọdún méjì ni fáànù rẹ ti ń fẹ́ Sókótó.
Kò fẹ́ rédíétọ̀."

Ó fi ọwọ́ wọn bàbà àtijọ́ náà wò,
ó ní orí rẹ̀ le, ìdí rẹ̀ le, inú ló kú.
Ìlà méjì ló wà níbẹ̀, òun á fi mẹ́ta sí i,
Sirajo á gé páànù ṣe àpótí fáànù.
Gbogbo rẹ̀, ọ̀kẹ́ mẹ́rin ààbọ̀.

Mo bi í léèrè èyí tó ń dán.
"Ó dáa. Ó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bí òkúta bá lù ú nínú yanrìn,
ta ni yóò bá ọ jó o pọ̀?
Bàbà ní tirẹ̀, iná díẹ̀, òjé díẹ̀, ó parí.
Ohun tí a ó gbé rìn jìnnà,
kó jẹ́ ohun tí a lè tún ṣe lọ́nà."

Mo jókòó sórí táyà, mo ń wo ọwọ́ Sirajo:
òjé ń yọ́, ó ń sáré wọ ojú ihò
bí ẹni tó mọ ilé.

Lọ́sẹ̀ kejì, ní Tangaza, abẹ́rẹ́ ooru jókòó sí àárín,
kò yí ọrùn.
Kẹ́ẹ̀gì méjì kún lẹ́yìn ọkọ̀, irin ò bèèrè wọn.
Mo gbé wọn fún obìnrin ọjọ́sí.
Ó gbà á, síbẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

N ò ní purọ́: ó ṣì ń jò ní ìdí róbà òkè,
ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan.
Ológoṣẹ́ kan bà sí iwájú ọkọ̀, ó ń mu ún.
Mo jẹ́ kó mu yó
kí n tó mú sípánà.