Ẹja Tí A Kì Í Jẹ

Ọ̀nà Pókà ni ọgbà náà wà, ní Ẹ̀pẹ́,
lẹ́yìn ilé epo, kí o tó kan àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù.
Ọ̀gbẹ́ni Òṣíbógun ló gbẹ́ adágún ibẹ̀,
ẹni tó fi ọdún mẹ́tàlá jó irin mọ́ra ní Jàpáánù,
tó sì padà dé pẹ̀lú àpótí méjì
àti ìfẹ́ ẹja tí a kì í jẹ.

Ó kan afárá igi kékeré tó tẹ̀
bí ẹ̀yìn àgbà tó ń ṣa ẹ̀kùrọ́.
Ó gbin ọparun. Ó to òkúta.
Ó wá da ẹja sómi:
èyí pupa bí osùn, èyí funfun bí ẹfun,
èyí sì dà bí ẹni tí tàdáwà dànù sí lórí.
Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni ìwọlé,
igba náírà ni oúnjẹ ẹja, nínú ọ̀rá.
Èmi Múnírátù, ọmọ Akápò apẹja,
èmi ni mo ń ya àwọn àlejò ní fọ́tò.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó bọ́ ẹja?
Ìwọ̀ ńkọ́? Ṣé kò sí ìwọ̀ nínú oúnjẹ náà ni?"

Síbẹ̀ òun náà ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí.
Òun ló ní kí n jókòó sínú ọkọ̀ láìmira,
kí òjìji mi má ṣáájú mi débi ẹja.
Mo kúnlẹ̀ lórí òkúta. Mo gbé kámẹ́rà. Mo ń dúró.

Ẹni tó bá dé, kámẹ́rà ló kọ́kọ́ ń ṣojú fún:
á fa ikùn mọ́ra, á tún gèlè tẹ̀,
á yọ eyín tí kì í yọ nílé.
Mo máa ń ya ìyẹn náà; owó ni.
Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá ti kan omi,
tí àwọn ẹnu róbótó wọ̀nyẹn là sókè,
ẹnu tí kò lóhùn, bí ọmọ tó ń wá ọmú,
gbogbo ọ̀ṣọ́ ojú á yọ̀ dànù.
Mo ti rí máníjà báǹkì tó ké "Yéè, ìyá mi!"
nítorí ẹja fẹnu kan ìka rẹ̀.
Mo ti rí ọmọ tó bọ́ ẹja lẹ́ẹ̀kan, tó bọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, Ìyá Sìdíkátù dé.
Ọjà Olúwo ló ti ń ta ẹja; àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló fà á wá.
Ó dúró lórí afárá, ó fojú wọn ẹja:
"Pupa yẹn á tó ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.
Funfun yìí, egungun lásán."
Wọ́n bu oúnjẹ lé e lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ omi,
ọwọ́ tí ẹ̀gún èpìyà ti gún títí tí kò fi mọ ẹ̀gún mọ́,
ọwọ́ tó ti ń gbá ẹja lórí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Pupa náà wá.
Ó fi ètè fa ìka rẹ̀, jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Wọn ò mọ̀ mí."
Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún.
Ó kàn sọ ọ́, bí ẹni tó dé ìlú àjèjì
tí ẹnìkan sì kí i káàbọ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó ń lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọparun:
"Ṣé o yà á?"
Mo ní mo yà á.
"Má jẹ́ kí wọ́n rí i ní Olúwo."

Bàbá mi nìkan ni mo fi hàn.
Ó gbé e sún mọ́ iná, ó gbé e jìnnà.
Kò wo ẹja. Ọwọ́ yẹn ló ń wò,
ó sì ń fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀.
Kò sọ nǹkan kan títí a fi sùn.

Láàárọ̀, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà,
ó ti wọ bùbá, ó ti dé fìlà.
Ó ní, "Èló lẹ pe oúnjẹ ẹja yẹn?"